Ìrìn Àyíká Nínú Aginjù: Njẹ́ Ìrìn Tí Kò Mú Ẹrù Bọ̀ Ha Jẹ́ Asán Bí?

Ẹ̀nyin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀nyin olùkọ́ tí ẹ ńtọ́ àwọn ọmọ wa, ìbéèrè kan dìde láàrin wa ní Masifa àti ní agbègbè Èjìgbò yí, ó sì yẹ kí a fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn olùkọ́ kan ní èrò láti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí inú igbó tí ìjọba dá sí, kí nwọ́n fi ẹsẹ̀ rìn yí apá kan rẹ̀ ká láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí nwọ́n sì padà sí ẹnu ibodè tí nwọ́n gbà wọlé. Àwọn àgbà kan gbọ́, nwọ́n sì mi orí. Nwọ́n bèèrè pé, "Oko ta ni nwọ́n ńlọ? Ọjà wo ni nwọ́n fẹ́ ná? Òkú ta ni nwọ́n fẹ́ sin? Ẹni tí ó ti ibodè rìn dé ibodè kan náà, kí ni ó rìn?"

Ìbéèrè àwọn àgbà wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ó wà nínú rẹ̀, èyíinì ni pé, njẹ́ ohun tí kò mú èrè wá sí ọwọ́ lè jẹ́ ohun rere? Ìdáhùn tí a bá fún un kì yíò dúró sí inú igbó. Yíò hàn nínú bí a ti ńtọ́ ọmọ, yíò sì hàn nínú bí a ti ńgba ará ilé tí ó ti àjò dé.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ òfìfo, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a ńsọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí àwọn ènìà ti ńṣe irú ìrìn báyìí. A ó la ọ̀nà tóóró sí inú igbó tí a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oko sí. A ó fi ọ̀dà sàmì sí ara igi àti òkúta kí àlejò má bàa ṣìnà. Ọ̀nà náà yíò gun òkè, yíò sọdá odò, yíò sì ká padà bí ẹ̀gbà ọwọ́ sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti wa, aginjù ńlá tí ó wà ní apá àríwá wa ni igbó Ọ̀yọ́-Ilé. Ní 1936 ni a ya apá òkè odò Ògùn sọ́tọ̀, ní 1941 a ya apá Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀, ní 1991 ìjọba àpapọ̀ sì sọ gbogbo rẹ̀ di ọgbà kan tí òfin dáàbò bò. Títóbi rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóòró. Pápá ọ̀dàn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú igi ẹ̀mì àti igi igbá, àti òkúta ńlá-ńlá. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìgalà wà níbẹ̀, ọ̀bọ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá tán, koríko a ga ju ènìà lọ; nígbà tí ọyẹ́ bá dé, iná a jó o, ilẹ̀ a sì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀.

Nínú igbó yìí ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àwọn Aláàfin ìgbàanì. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé ibẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ yí ìlú náà ká, pé gíga rẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, pé ibodè mẹ́wàá ni ó wà lára odi náà, àti pé yíyíká rẹ̀ tó máìlì 15. Kò pé ọdún méjìlá lẹ́yìn náà tí ìlú náà fi di ahoro, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ̀dó sí Àgọ́-Ọjà tí í ṣe Ọ̀yọ́ òní. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí olùkọ́ ti í ṣírò fún ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tí ó ńrìn máìlì mẹ́ta ní wákàtí kan lórí ọ̀nà títẹ́jú yíò lo wákàtí márùn-ún láti yí odi náà ká. Nínú koríko àti òkúta, pẹ̀lú omi mímu ní èjìká, yíò gba ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan gbáko. Ìrìn náà kò kọjá agbára ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Nígbà tí ó bá sì parí rẹ̀, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó wà.

Njẹ́ asán ha ni bí?

Ẹ ṣí ìwé Jóòbù, orí kejìdínlógójì. Jóòbù ti jìyà, ó ti jiyàn, ó ti bèèrè ìdí. Nígbà tí Olúwa dá a lóhùn láti inú ìjì wá, kò ṣe àlàyé ìyà náà fún un. Ó mú un rìn yí aiyé ká nínú ọ̀rọ̀. Nínú àwọn ohun tí Ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí wà: ta ni ó la ipa fún òjò láti rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ènìà kankan kò gbé, kí koríko lè hù ní aginjù? Lẹ́yìn náà Ó sọ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó tí kò gbọ́ igbe ẹni tí ńdà á, àti ti ẹyẹ idì tí ó tẹ́ ìtẹ́ sórí àpáta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ńṣiṣẹ́ fún Jóòbù. Kò ní kó wọn lọ sí ọjà. Síbẹ̀ Olúwa dárúkọ wọn bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí wọn.

Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ pé èrè ọwọ́ wa ni òṣùnwọ̀n ohun gbogbo, òjò tí Ọlọ́run ńrọ̀ sí aginjù ti ṣòfò, Ọlọ́run sì jẹ́ onínàákúnàá. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ohun rere wà nínú aiyé tí kò wà nítorí wa, ó sì tọ́ kí ènìà lọ wò ó nígbà mìíràn, kí ó lè mọ̀ pé òun kọ́ ni olúwa oko.

Àwa pẹ̀lú mọ èyí nínú àṣà wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ ọ́ jáde. Nígbà tí a bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí ni a ńmú bọ̀? A lọ, a jókòó tì í, a padà sí ilé wa. Ọmọ aráyé kò pe ìyẹn ní ìrìn asán. Bí ẹnìkan bá kọ̀ tí kò lọ, nígbà náà ni a ó pè é ní ènìà asán.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ pé gbogbo ìrìn àyíká ni ó dára. Nínú Ìwé Mímọ́ àyíká méjì wà tí ó yẹ kí a fi wé ara wọn. Nínú ìwé Deuterónómì orí kejì, àwọn ọmọ Ísráẹ́lì yí òkè Séírì ká fún ọjọ́ púpọ̀, títí Olúwa fi wí fún wọn pé ó tó, kí nwọ́n yí sí ìhà àríwá. Àìgbàgbọ́ ni ó fà á tí nwọ́n fi ńyí, ẹsẹ̀ wọn ńlọ, ọkàn wọn kò sì lọ síbì kan. Nínú ìwé Jóṣúà orí kẹfà, nwọ́n yí Jẹ́ríkò ká, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ kan fún ọjọ́ mẹ́fà, àti ẹ̀ẹ̀méje ní ọjọ́ keje. Mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó dúró lórí odi tí ó ńwò wọ́n yíò ti rẹ́rìn-ín wọn pé nwọ́n ńrìn bí ẹni tí ó sọ nkan nù. Ṣùgbọ́n ìgbọràn ni ó wà nínú ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ kan náà ni, ilẹ̀ gbígbẹ kan náà ni. Ọkàn tí ó ńrìn ni ó yàtọ̀.

Àtakò kejì wà tí ó wúwo ju ti ìṣáájú lọ, mo sì rọ àwọn olùkọ́ kí nwọ́n má ṣe fojú rénà rẹ̀. Àwọn kan wí pé, "Obìnrin tí ó ru igi ìdáná láti oko dé ilé, tí ó sì pọn ọmọ, kò lọ wá ibi tí yíò ti fi ìrìn ṣeré. Ẹni tí ó ní ohun jíjẹ ni í fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré." Òtítọ́ ńbẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà Clapperton, a máa ńgbé òyìnbó àti ọlọ́lá nínú aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá, lórí èjìká ènìà. Ẹni tí a gbé kọjá odò tí ó sì padà wí pé òun rìn, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ńyá. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá lọ sí aginjù, tí nwọ́n sì bẹ̀ ọmọ tálákà ní ọ̀wẹ̀ kí ó ru omi àti oúnjẹ wọn, ìrìn náà ti di ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ olówó bá ru ẹrù ara rẹ̀ lábẹ́ oòrùn fún wákàtí márùn-ún, ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yíò mọ ohun tí ó wà lórí ìyá tí ńta igi. Kì í ṣe ìwé ni yíò fi mọ̀ ọ́n. Ọrùn rẹ̀ ni yíò sọ fún un.

Èyí pẹ̀lú kò sì yẹ kí a gbàgbé, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rin ilẹ̀ yìí rí ni ó ní àyè láti padà. Ní 1821 àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn. Nwọ́n so okùn mọ́ ọrùn ọmọdékùnrin kan tí à ńpè ní Àjàyí, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀, nwọ́n sì dà wọ́n bí ẹran nínú igbó. Ọ̀nà tí ó gbà kò ká padà. Láti ọwọ́ olówó kan sí òmíràn ni a tà á, títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1822 tí nwọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Àjàyí yìí ni Samuel Crowther, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n, ó pàdé ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ wo bí àyíká kan ti pẹ́ tó kí ó tó pé! Ẹgbàágbèje ni ó sì rìn lọ bí tirẹ̀ tí kò padà rí ìyá. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa bá wọ inú igbó ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ òmìnira, tí ó sì padà sí ibodè kan náà ní ìrọ̀lẹ́, kí a má ṣe sọ pé kò sí ohun tí ó rí gbà. Àbọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba wa sunkún fún.

Ní ti ẹ̀rù igbó, àwọn baba wa ní ìtàn kan tí Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ wa ní Ọ̀yọ́, kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ogun Tápà ti lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò ní ìlú wọn, nwọ́n sì ńgbé ní Ìgbòhò, tí ọba mẹ́rin fi wàjà níbẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kí nwọ́n padà sí Ọ̀yọ́-Ilé tí ó ti di igbó, àwọn ìjòyè kò fẹ́, nítorí ilé àti oko wọn ti dára ní Ìgbòhò. Nwọ́n kó abuké, àfín, arọ àti àwọn mìíràn lọ fi pamọ́ sórí Òkè Àjàká, kí nwọ́n máa gbé iná kiri ní òru kí nwọ́n sì máa ké pé kò sí àyè, kí àwọn ìránṣẹ́ ọba lè rò pé iwin ni. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ. Nwọ́n mú àwọn "iwin" náà wá. Láti ìgbà náà ni a ti ńpe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀. Nwọ́n sì padà sí ilé.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí nínú ìtàn yìí. Ekíní, ẹ̀rù tí a ńbà nínú igbó a máa jẹ́ ẹ̀rù tí ẹnìkan dá sílẹ̀ fún èrè ara rẹ̀. Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fi ilé ayé tí Baba rẹ̀ dá sílẹ̀ fún iwin. Èkejì, ọba kò fi ìgboyà lásán lọ. Ó rán ọdẹ tí ó mọ igbó. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé ti sọ igbó púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá di ibùba, àwọn wọ̀nyí kì í sì í ṣe iwin. Nígbà tí Èṣù sọ fún Olúwa wa kí Ó bẹ́ láti orí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, Ó kọ̀ ọ́, Ó ní a kò gbọdọ̀ dán Ọlọ́run wò. Nítorí náà, bí àwọn aṣọ́gbó bá sọ pé kí ẹgbẹ́ kan má ṣe wọ igbó ní àkókò kan, kí ẹgbẹ́ náà jókòó sí ilé láìjiyàn. Kí olùkọ́ má ṣe fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wá òkìkí.

Àwọn mìíràn bèèrè bí ó bá tọ́ kí ilẹ̀ tí ó tóbi tó báyìí wà láìro, nígbà tí àgbẹ̀ ńwá ilẹ̀. Èmi kò ní sọ pé ìbéèrè náà kò ní ìdí. Òfin Mósè tí ó wà nínú Léfítíkù orí kẹẹ̀dọ́gbọ̀n ní kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje, àgbẹ̀ gbogbo sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí a kò fún ní ìsinmi yíò gba ìsinmi fúnra rẹ̀ nípa àìso. Odò Ògùn tí ó ńgba inú igbó náà kọjá ni ó sì ńlọ fún ìlú púpọ̀ ní omi. Ṣùgbọ́n ará Ìgbòhò tàbí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí a ní kí ó má ṣe dẹ̀gbẹ́ nínú igbó baba rẹ̀ mọ́ ti san owó orí fún ìgbádùn wa. Àlejò tí ó lọ rìn níbẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kí ó ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbà á ní amọ̀nà, kí ó san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, kí ó sì kí i bí onílé.

Nísisìyí mo padà sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: "Kí ni nwọ́n yíò mú bọ̀?" Ẹ̀nyin ará mi, ìbéèrè yìí ni ó ńdùn mí jùlọ, nítorí kì í ṣe àwọn tí ó lọ sí igbó nìkan ni a ńbi í. Gbogbo wa mọ̀ pé láti Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, ọmọ wa púpọ̀ ni ó ńlọ sí Àbíjàn ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí èdè Faransé sì fi di ohun tí à ńgbọ́ nínú ọjà wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ńpadà wá pẹ̀lú ọlá, nwọ́n ńkọ́lé, nwọ́n ńran ìjọ lọ́wọ́, Ọlọ́run yíò bù kún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọjà kò tà fún. Ilé ńwù wọ́n, ìyá wọn ńdarúgbó; síbẹ̀ nwọn kò lè padà, nítorí nwọ́n mọ̀ pé ojú ẹrù ni a ó kọ́kọ́ wò kí a tó wo ojú wọn. Báyìí ni ẹlòmíràn ṣe ńkú sí àjò, kì í ṣe pé ọ̀nà dí, bí kò ṣe pé ẹnu wa ni ó dí i.

Olúwa wa pa òwe kan nínú Lúùkù orí kẹẹ̀dógún, nípa ọmọ tí ó rìn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè tí ó sì padà láìsí bàtà ní ẹsẹ̀. Baba rẹ̀ rí i ní òkèèrè, ó sáré. Kò wo ọwọ́ rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ ni ó ṣírò owó. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wádìí ara rẹ̀ wò, bí ó bá jẹ́ baba náà tàbí ẹ̀gbọ́n náà ni òun í ṣe ní ọjọ́ tí ará ilé bá ti Àbíjàn dé pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo.

Èdè wa gan-an mọ̀ ju wa lọ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí ẹnìkan bá wọlé, kí ni a kọ́kọ́ ńsọ? A ní, "Ẹ kú àbọ̀." Àwọn baba wa kò dá ìkíni tí ó sọ pé ẹ kú ẹrù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé. Àbọ̀ ni nwọ́n kí. Omi ni nwọ́n gbé fún un kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ìdájọ́ mi nìyí. Ìrìn àyíká nínú aginjù kì í ṣe asán, bí a bá rìn ín bí ó ti yẹ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ru ẹrù ara rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ náà máa rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹni tí ó lọ́ra jùlọ nínú wọn, bí Jákọ́bù ti sọ fún Ísọ̀ pé òun yíò máa rìn pẹ̀lẹ́ nítorí àwọn ọmọ kékeré àti ẹran tí ńfún ọmọ lọ́mú. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti dúró de ẹlẹ́sẹ̀ wíwúwo ti kọ́ ohun tí ó dára ju ìṣirò lọ. Kí nwọ́n gbọ́ràn sí aṣọ́gbó, kí nwọ́n san ẹ̀tọ́ onílé. Kí nwọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ igi, kí nwọ́n gbọ́ ohùn ohun tí kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí nwọ́n bá sì padà dé Masifa ní alẹ́, pẹ̀lú eruku ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́ òfìfo, ẹ̀nyin àgbà, ẹ má ṣe bi wọ́n pé kí ni nwọ́n mú bọ̀. Ẹ kí wọn kú àbọ̀, ẹ sì fún wọn ní omi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún àwọn tí ó ti ọ̀nà tí ó jìn ju ti igbó lọ dé.

Kí Olúwa, tí ó pa ìjáde àti ìwọlé àwọn baba wa mọ́, kí Ó mú gbogbo ọmọ wa tí ó wà ní ìrìn-àjò padà sí ilé ní àlàáfíà. Àmín.